Àròkọ Aṣàpèjúwe: Ère Iwájú Ọkọ̀ Onígbòkun

Nínú àròkọ aṣàpèjúwe, ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ẹni tí ń ka ìwé rẹ rí ohun tí ò ń sọ bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùdánwò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní kí wọ́n ṣàpèjúwe iṣẹ́ ọnà kan, wọn a kọ ọ́ pé ‘ó dára púpọ̀, ó wu ojú í wò’, wọn a sì máa tún un kọ títí ojú ìwé yóò fi kún. Ní gbogbo ọdún tí mo fi máàkì ìwé ọmọ iléèwé, n kò rí ẹni tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mú yege.

Ìbéèrè: Ṣe àpèjúwe iṣẹ́ ọnà kan tí kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá.

Kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, bi ara rẹ pé: Kí ni wọ́n fi ṣe é? Ta ni ó ń lò ó? Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀? Wo àpẹẹrẹ yìí.

ÈRE NANNIE

Ní ayé ìgbà tí afẹ́fẹ́ ni ó ń ti ọkọ̀ lójú òkun, àwọn òyìnbó a máa fi ère onígi sí iwájú ọkọ̀ wọn, lábẹ́ òpó gbọọrọ tí ó yọ síta. Obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òmíràn jẹ́ ológun, ẹranko tàbí ẹyẹ. Nígbà tí ọ̀pọ̀ atukọ̀ kò mọ̀wé, ère ni wọ́n fi ń dá ọkọ̀ mọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Nannie, ère ọkọ̀ Cutty Sark. Ìlú Dumbarton ní Scotland ni wọ́n ti kan ọkọ̀ náà ní 1869, láti máa kó ewé tíì wá láti Ṣáínà. Àjẹ́ ni Nannie nínú ewì Tam o' Shanter tí Robert Burns kọ. Ọtí ti ń pa Tam nígbà tí ó bá àwọn àjẹ́ níbi tí wọ́n gbé ń jó lóru. Èwù péńpé kan ṣoṣo ni Nannie wọ̀. Irú èwù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Scotland ń pè ní cutty sark. Tam gbàgbé ara rẹ̀, ó kígbe yìn ín. Ni àwọn àjẹ́ bá gbá tọ̀ ọ́. Ó gun ẹṣin sá lọ sí orí afárá, nítorí àjẹ́ kò lè ré odò tí ń ṣàn kọjá. Kí ó tó rékọjá, Nannie ti di ìrù ẹṣin mú; ìrù sì já sí i lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ẹ: obìnrin tí a kùn ní ọ̀dà funfun, tí ó na ọwọ́ kan síwájú bí ẹni tí ń lé nǹkan. Láyé ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá fẹ́ wọ èbúté, àwọn atukọ̀ a máa fi okùn gbígbó ṣe ìrù ẹṣin, wọn a fi há a lọ́wọ́.

Omi iyọ̀ àti oòrùn kì í jẹ́ kí igi pẹ́. Ère tí ó wà níwájú ọkọ̀ náà ní Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, tuntun ni. 2021 ni wọ́n gbé e sí i. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ọkọ̀ náà ni ère àtijọ́ tí ó ju 80 lọ wà, tí oníṣòwò kan, Sydney Cumbers, kó jọ, tí ó sì fi ta ọkọ̀ náà lọ́rẹ ní 1953. Wọ́n tò bí ẹgbẹ́ akọrin, gbogbo wọn la ojú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣíwájú rẹ̀ rí kò sí mọ́.

Ṣé o rí i pé kò sí ‘ó dára púpọ̀’ níbẹ̀? Ìrù okùn yẹn ti tó. Tún wò ó pé a kò sọ pé wọ́n ń bọ Nannie. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ́ rí pé àwọn atukọ̀ ń pa àgùntàn fún ère ọkọ̀ wọn. Mo bi í níbi tí ó ti rí i. Ó ní, ‘Tíṣà, ṣé ère lè wà kí á má bọ ọ́ ni?’ Ó gbàgbé pé àwa náà ń gbẹ́ ère sí òpó ààfin fún iyì lásán. Ohun tí kò bá dá ọ lójú, fò ó.

Ìtàn Tam gùn díẹ̀ jù; bí àkókò bá ń lé ọ, gbólóhùn mẹ́ta ti tó fún un. Má ṣe gé ìpínrọ̀ tí ó ṣàpèjúwe ère náà fúnra rẹ̀.

Ìdánrawò: Lọ wo ère kan tàbí òpó gbígbẹ́ kan ní àdúgbò rẹ. Kọ ìpínrọ̀ kan lórí ọwọ́ rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ nìkan. Má ṣe lo ‘dára’, má sì ṣe lo ‘lẹ́wà’.