Onílé, Onílẹ̀ àti Lanlọ́ọ̀dù

Ẹgbẹ́ onílé ni orúkọ tó tọ́ fún àwọn tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n ti géètì àdúgbò ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí wọ́n ń gba owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń sọ ibi tí èèyàn lè gbé mọ́tò sí. Ṣùgbọ́n bí ìkéde wọn bá dé orí rédíò, “ẹgbẹ́ onílẹ̀” ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń pè wọ́n. Fáwẹ́lì kan àti ohùn rẹ̀ péré ló yí, ọ̀rọ̀ ti dàrú: àwọn tó ń mójú tó gọ́tà ti di ẹbí àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ìjọba Èkó tìtorí wọn ṣòfin ní 2016.

“Oní” pàdé “ilé”, ó bí “onílé”. Ó pàdé “ilẹ̀”, ó bí “onílẹ̀”. Baálé àti baálẹ̀ náà ní irú ìjọra yìí. Títí di 1936, Baálẹ̀ ni oyè olórí Ìbàdàn, kó tó di Olúbàdàn. Ẹni tó bá pè é ní baálé nígbà náà ti sọ olórí ìlú di olórí agboolé. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ò bọ́ níbẹ̀. Wọ́n ti jiyàn gan-an lórí ère idẹ ẹgbẹ́ Òṣùgbó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: àwọn kan ní Onílẹ̀ ni, Henry Drewal ní Onílé ni. Ìwé tí kò ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ò lè là wọ́n níjà.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí, nítorí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó kọ́lé sí Ìkòròdú tó sì gba ìwé àṣẹ ìlò ilẹ̀ (C of O), onílé ni láìsí àní-àní. Onílẹ̀ ni kò lè fi gbogbo ẹnu pe ara rẹ̀.

“Onílé” fúnra rẹ̀ kò sì mọ sórí ẹni tó kọ́lé. Àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà tó kígbe “Àgò onílé o!” kì í kọ́kọ́ béèrè ìwé ilẹ̀. Ayálégbé tó dáhùn pé “Àgò yà” ni onílé lásìkò náà. Èdè ti fún un ní ohun tí ẹgbẹ́ kò fún un, nítorí òfin géètì dè é, owó ọlọ́dẹ kàn án, síbẹ̀ wọn kì í sábà pè é sí ìpàdé.

Lẹ́nu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, “lanlọ́ọ̀dù” ló borí. Bó bá jẹ́ obìnrin ló ni ilé, “ìyá lanlọ́ọ̀dù” ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè tí wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà ní èyí tó yàn fún obìnrin. Ilẹ̀ ló sì wà nínú ọ̀rọ̀ àyálò yìí, kì í ṣe ilé: òyìnbó ti ṣi í pè ṣáájú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀.

Lanlọ́ọ̀dù ti wọlé, kò ní jáde mọ́; kí wọ́n máa lò ó lọ. “Ẹgbẹ́ onílẹ̀” ni kò yẹ kó tún gba ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kọjá, àfi bí àwọn tó ń ta ilẹ̀ bá dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀.