Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Ra Dọ́là

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwò pàṣípààrọ̀ owó gan-an ni òwe yìí bá mu. Iye tí wọ́n pe dọ́là lónìí ni gbogbo ayé ń rí. Ohun tó gbé e débẹ̀ kò hàn sí gbogbo ojú. Ọ̀nà méjì ni ohun náà pín sí. Èkíní ni ìpìlẹ̀: iye dọ́là tí epo rọ̀bì ń mú wọlé, iye tó ń jáde lórí ọjà tí à ń kó wá láti òkè òkun, èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀, bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i, àti gbèsè tó wà lọ́rùn ìjọba. Èkejì ni ọkàn ọjà: ìbẹ̀rù, ìrètí, ojúkòkòrò àti àhesọ tó máa ń mú kí èrò jọ rà lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí wọ́n jọ tà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá mọ èwo nínú méjèèjì ló ń ti iye owó kiri, inú òkùnkùn ni yóò ti máa rà, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa tà.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náírà wò lọ́dún 2024. Ní oṣù Kejì, dọ́là kan sún mọ́ náírà 1,900 lọ́wọ́ àwọn abókí tó ń ṣẹ́ owó níta. Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ló ń lé e. Ìpìlẹ̀ ti ń mì tipẹ́. Báńkì Àpapọ̀ jẹ àwọn ilé-iṣẹ́ ní dọ́là tó ti ṣèlérí fún wọn tí kò sì rí san. Ọ̀wọ́n ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀ kò ju 18.75 lọ. Ta ló máa fẹ́ tọ́jú náírà nígbà tí èlé rẹ̀ kò lè bá ọ̀wọ́n ọjà dọ́gba? Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ yẹn nìkan kọ́ ló gbé dọ́là dé 1,900. Ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé ọmọ ní oṣù Kẹsàn-án ti sáré ra dọ́là ní oṣù Kejì. Ẹni tí kò ní ohun kan tó fẹ́ fi dọ́là ṣe rà á pa mọ́, torí wọ́n ní yóò di 2,000. Ìbẹ̀rù ló ń nájà nígbà náà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé sókè sí 22.75; nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, ó sọ ọ́ di 24.75. Nínú oṣù Kẹta náà ló kéde pé òun ti yanjú gbèsè dọ́là bílíọ̀nù 7 tó wà nílẹ̀. Bí dọ́là ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ìbẹ̀rù bọ́ sí òdìkejì: àwọn tó kó dọ́là pa mọ́ ń sáré gbé e jáde kó má baà já lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tó fi di àárín oṣù Kẹrin, dọ́là ti wà nítòsí 1,100, àwọn kan sì ti ń retí pé yóò wọ ìsàlẹ̀ 1,000. Ẹni tó bá yẹ ìpìlẹ̀ wò lákòókò yẹn yóò rí i pé láàárín nǹkan bí oṣù kan, owó òkèèrè tó wà nípamọ́ fún orílẹ̀-èdè ti dín ju dọ́là bílíọ̀nù 2 lọ. Oṣù Karùn-ún kò tíì parí tí dọ́là fi padà kọjá 1,400.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2017. Dọ́là dé 520 níta ní oṣù Kejì. Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta dọ́là fún owó ìrìn-àjò àti owó ilé-ìwé, nígbà tí oṣù Kẹta sì fi máa lọ sópin, ó ti wà ní ìsàlẹ̀ 400. Ẹni tó fi ìbẹ̀rù rà á ní 520 ló jìyà rẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọkàn ọjà yá lẹ́sẹ̀, ìpìlẹ̀ ń rìn gbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìpìlẹ̀ ni yóò sọ ibi tí iye owó máa fìdí kalẹ̀ sí. Ẹ má sì gbàgbé pé ọjọ́ tí òtítọ́ yóò bá irọ́ kò sí lọ́wọ́ yín. Èèyàn lè mọ ìpìlẹ̀ dáadáa, kí owó rẹ̀ sì tán kí ọjà tó gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ ọkàn ọjà? Ẹ má bi abókí ní iye tó ń tà nìkan. Ẹ bi í ní iye tó ń rà pẹ̀lú. Bí àlàfo àárín méjèèjì bá kéré, ara ọjà balẹ̀. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ lójijì, tàbí tó ní òun kò tà, pé òun ń rà ni, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí ilẹ̀ yóò mọ́ sí. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín iye báńkì àti iye ìta: bó bá ń gbòòrò, ìgbẹ́kẹ̀lé ń jò lọ nìyẹn. Kí ẹ sì wo bí ọjà ṣe ń gba ìròyìn. Bí ìròyìn burúkú bá jáde tí dọ́là kò sì gòkè mọ́, ó ṣeé ṣe kí gbogbo ẹni tí ẹ̀rù ń bà ti rà tán.

Ẹ̀yin tó ń ṣe fọ́rẹ́sì lórí fóònù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Amẹ́ríkà máa ń kéde iye iṣẹ́ tuntun tó wà nílùú wọn. Aago 1:30 tàbí 2:30 ọ̀sán ló máa ń bọ́ sí ní Èkó. Kì í ṣe bóyá ìròyìn náà dára tàbí kò dára ló ń mi dọ́là, bí kò ṣe bóyá ó ju ohun tí ọjà ti ń retí lọ tàbí kò tó o. Ohun tí gbogbo èèyàn ti ń retí ti wà nínú iye owó ṣáájú ọjọ́ náà.

Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Bí ẹ bá fi dọ́là 100 sílẹ̀, tí alágbàtà ní kí ẹ fi di 10,000 mú, bí owó náà bá yí sódì ní ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, 100 yín ti lọ. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn yóò gé owó orí láìsọ ibi tí owó tí wọn yóò fi dí i ti máa wá. Lóru ọjọ́ 26, pọ́n-ùn já láti nǹkan bí dọ́là 1.08 sí tòsí 1.03. Ní oṣù Kejìlá, ó ti kọjá 1.20. Ẹni tó ra pọ́n-ùn ṣáájú òru yẹn kò ṣì í, àmọ́ bó bá jẹ́ owó àyálò ló fi rà á, òru ọjọ́ kan ti gbé owó rẹ̀ lọ kí ó tó jàre.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ owó ilé-ìwé tàbí owó ọjà lẹ fẹ́ san, ẹ má dúró de ìsàlẹ̀, ẹ má sì sáré ní òkè: ẹ máa rà á díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù títí yóò fi pé. Bó bá jẹ́ òwò lẹ fi ń ṣe, ẹ má fi owó oúnjẹ, owó ilé tàbí owó àjọ dán an wò, kí ẹ sì ti pinnu iye tí ẹ ó ti jáde bí ọjà bá kọ̀, kí ẹ tó wọlé. Ẹ mú bébà kan kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi ń rà á sílẹ̀. Bó bá jẹ́ èlé, epo rọ̀bì, gbèsè tàbí ọ̀wọ́n ọjà lẹ kọ, ẹ ní ohun tí ẹ lè máa tọ́ka sí bí nǹkan bá yí padà. Bí gbogbo ohun tí ẹ rí kọ kò bá ju pé “ó ń lọ sókè, gbogbo èèyàn sì ń rà á”, ẹ dá owó yín padà sápò.