Ẹran Kì Í Fẹ́ Oko Tó Mọ́ Tónítóní

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú mi lọ wo oko kan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ẹ̀wà àti ilá ni wọ́n gbìn síbẹ̀ kí ẹran ìgbẹ́ lè máa wá jẹ ẹ́. Katakata ti wó gbogbo igi ibẹ̀, wọ́n sì ti fọ́n oògùn apakoríko yí i ká. Gbogbo àwọn tá a jọ lọ ló ń yin ọmọ tó ni ín pé oko rẹ̀ mọ́. Inú bí mi gidigidi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ igbó tí ẹ kì í fi sílẹ̀ létí oko ni mo bá wá. Ẹtu kì í jáde sí gbangba wá jẹun. Àgbọ̀nrín á dúró lẹ́nu igbó, á na ọrùn, á tẹ́tí, kó tó gbé ẹsẹ̀ kan. Bó bá rí i pé ibi tóun máa sá padà sí jìnnà, ó yí padà nìyẹn, ì báà ṣe oyin lẹ dà sórí ewé ẹ̀wà náà.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ, etí Igbó Ọmọ ni ọ̀gá mi máa ń mú mi lọ. Wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọn. Ewé tí ẹran ti jẹ ni wọ́n máa ń já fún mi, wọn á ní kí n fi àtàǹpàkò tọ́ etí rẹ̀ wò. Bó bá ya jákujàku, àgbọ̀nrín ni. Kò ní eyín iwájú lókè, ńṣe ló ń fa ewé já. Bí igi rẹ̀ bá gé féú, tó dagun bí ẹni fi àdá ṣá a, ọ̀yà ni. Lẹ́yìn náà, wọn á ní kí n rìn láti ẹnu igbó bọ̀ sáàárín oko, kí n máa wo ilẹ̀. Ẹnu igbó ni ìjẹ máa ń pọ̀ sí. Bí mo bá ṣe ń jìnnà sí i ni ewé ń pé sí i.

Ní 1925 ni ìjọba òyìnbó ya Igbó Ọmọ sọ́tọ̀. Ní 1977, UNESCO fi orúkọ rẹ̀ kún àwọn ibi àbò ohun alààyè (biosphere reserve) lágbàáyé. Síbẹ̀, àwọn tó ń gé gẹdú àti àwọn olóko kòkó ti wọnú rẹ̀. Ibi tí ẹran lè sá pamọ́ sí ń tán lọ́hùn-ún, ẹ̀yin náà tún ń wó èyí tó kù létí oko yín. Níbo lẹ fẹ́ kó gbà?

Ẹ má gé ìyeyè. Bí èso rẹ̀ bá ń já bọ́ lásìkò òjò, ẹtu á wá sábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ gbin ohunkóhun. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àgbálùmọ̀ ló kàn. Bí kò bá sí ìyeyè lórí ilẹ̀ yín, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó nípọn bí apá níbòmíràn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, yóò ta gbòǹgbò. Inú igbó tí ẹ fi sílẹ̀ létí oko ni kí ẹ rì í sí.

Ẹnì kan bi mí pé ìgbà wo lòun lè gbé ìbọn dé irú oko bẹ́ẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí ẹran jẹun níbẹ̀ fún ọdún kan ná. Abo tó lóyún, ẹ má yìnbọn fún un láé.

Ìwọ ọmọ tó ni oko yẹn, igbó díẹ̀ ṣì kù níhà odò. Má ṣe jẹ́ kí katakata débẹ̀. Sọ oko náà di tẹ́ẹ́rẹ́, kó máa bá igbó yẹn lọ, kí ẹran tó ń jẹun lè padà sábẹ́ ewé láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.