Gbígbin bàrà olómi sí ẹ̀yìnkùlé

Nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ta ni kò fẹ́ jẹ bàrà olómi? Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, à ń rí i lọ́jà àti lẹ́bàá títì. Àwọn kan ń pè é ní pásítẹ́ẹ̀kì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀gúsí ti mọ ìbátan rẹ̀. Bàrà ẹ̀gúsí àti bàrà olómi, ẹbí kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ń fà nílẹ̀, ewé wọn sì jọra. Ṣùgbọ́n hóró ẹ̀gúsí là ń jẹ, inú bàrà olómi là ń jẹ.

Ìdá 9 nínú 10 bàrà olómi ni omi. Ó tún ní fítámì tí ń ran ara lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbin ìdí mẹ́wàá péré sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ó rí jẹ, ẹ ó sì rí díẹ̀ tà.

Ìgbà wo ni ká gbìn ín?

Bàrà olómi fẹ́ oòrùn. Kò fẹ́ òjò púpọ̀. Bí òjò bá pọ̀, ewé rẹ̀ á jẹrà, adùn rẹ̀ á sì dín. Ní ìhà Kétu àti Àjàṣẹ́, òjò ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò kejì bá ń parí lọ, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Á gbó nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, ẹ wá ibi tí omi wà nítòsí.

Báwo ni a ó ṣe gbìn ín?

1. Ẹ yan ibi tí oòrùn ń pa dáadáa, tí omi kì í dúró sí. Ẹ má lo ibi tí ẹ gbin ẹ̀gúsí tàbí elégédé sí lọ́dún tó kọjá. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́ àti adìẹ.

2. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ gbẹ́ ihò. Ẹ da ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti adìẹ tó ti jẹrà pọ̀ mọ́ erùpẹ̀, kí ẹ kó o padà sínú ihò. Ìgbẹ́ tútù ń jó gbòǹgbò. Láti ihò kan sí èkejì, kí ó tó mítà 1. Láàárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì, kí ó tó mítà 2.

3. Ẹ fi hóró mẹ́ta sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rì í jìn, kí ó tó oríkèé ìka kan. Á hù láàárín ọjọ́ 5 sí 10. Nígbà tí ó bá ní ewé mẹ́ta, ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ fa ìyókù tu.

4. Ẹ bu omi sí ìdí rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ má bu ú sórí ewé, nítorí ewé tútù ń fa àrùn. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí omi má baà tètè gbẹ.

5. Òdòdó akọ ló ń kọ́kọ́ yọ. Á rẹ̀ dànù. Ẹ má bẹ̀rù. Òdòdó abo ń bọ̀ lẹ́yìn, bàrà kékeré sì wà nídìí tirẹ̀. Oyin ló ń gbé ìyẹ̀fun akọ lọ fún abo. Bí oyin kò bá wá, ẹ já òdòdó akọ ní òwúrọ̀, kí ẹ fi àárín rẹ̀ pa àárín òdòdó abo.

6. Ẹ fi èso méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lórí ìdí kan. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ èso kọ̀ọ̀kan.

Kòkòrò ń jẹ ewé. Kí la ó ṣe?

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan.

Ọkọ: Ìyá ọmọ, kòkòrò ti fẹ́ jẹ ewé bàrà wa tán. Oògùn òwú èṣín ṣẹ́kù nínú ìgò. Jẹ́ kí n wọ́n ọn sí i.

Ìyàwó: Bàbá ọmọ, ẹ dákun, ẹ má ṣe é. A kì í jẹ òwú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ló máa jẹ bàrà yìí.

Ọkọ: Bí a bá fọ̀ ọ́, ṣé kò ní lọ?

Ìyàwó: Kì í lọ tán. Òmíràn ti wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní àkókò òwú ọdún 1999 sí 2000, oògùn òwú kan tí à ń pè ní endosulfan pa ènìyàn ní Borgou, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún 2011, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòpin sí i. Ṣùgbọ́n oògùn òwú míràn ṣì wà, ewu sì wà nínú wọn.

Ẹ ṣe báyìí dípò rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ṣa kòkòrò ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ ku eérú díẹ̀ sórí ewé. Ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ wọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin ti lọ.

Ẹ má fi ìgò oògùn pọnmi tàbí ra epo láé. Bí ẹnì kan bá mu oògùn náà, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí wàrà. Ẹ má fi ipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ mú ìgò náà dání.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó gbó?

Á tó nǹkan bí ọjọ́ 80 sí 90 lẹ́yìn tí a gbìn ín. Ẹ wo okùn kékeré tó lọ́ mọ́ ẹ̀bá ìdí èso: á ti gbẹ. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ tó fara kanlẹ̀: á ti di pupa rúsúrúsú bí ọ̀rá, kò ní funfun mọ́. Ẹ má kánjú, nítorí bàrà tí a já ní tútù kì í dùn sí i nílé. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e, ẹ má fà á já.

Kí ẹ tó là á, ẹ fi omi mímọ́ fọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ. Ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn bàrà ń bá ọ̀bẹ wọ inú rẹ̀. Èyí tí ẹ bá là, ẹ bò ó nítorí eṣinṣin, kí ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí a kì í bu omi sórí ewé bàrà?
2. Báwo ni a ṣe ń mọ òdòdó abo yàtọ̀ sí akọ?
3. Kí ló dé tí ìyàwó kò fi gbà kí ọkọ rẹ̀ wọ́n oògùn òwú?
4. Ní ilé yín, níbo ni ìgò oògùn òwú wà báyìí? Ṣé ọwọ́ ọmọdé lè tó o?