Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ẹmu Wò ní Enugu

Ní 9th Mile, lókè Ngwo, níbi tí ọkọ̀ Onitsha àti ti Makurdi ti ń pínyà, ẹmu pọ̀ ju àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́ wò lọ.

Ṣe: Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n dá a kí ẹ tó béèrè iye owó. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí igi bọ̀ láàárọ̀ dùn, kò tíì le. Ìwúkàrà ti ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀ kó tó délẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti ń hó, ó ń ta ahọ́n. Ìgbà yẹn ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù. Lọ́jọ́ kejì, ó ti kan.

Má ṣe: Ẹ má kàn ní ẹmu lẹ fẹ́. Lédè Ìgbò, nkwu elu ni ti orí ọ̀pẹ. Ngwo, yàtọ̀ sí ìlú náà, ni ògùrọ̀. Ọ̀pẹ á ṣì máa so lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni igi ògùrọ̀ ń yọ òdòdó, ó sì kú nìyẹn. Ẹ tọ́ méjèèjì wò.

Ṣe: Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbé e wá kọ́kọ́ mu. Àṣà Ìgbò ni, kì í ṣe ìwọ̀sí.

Má ṣe: Ẹ má gba ẹmu tó ṣì ń dùn lálẹ́. Bí adùn rẹ̀ bá korò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n, sakarín ni wọ́n fi sí i.

Má ṣe: Ẹ má fi yìnyín sí i. Omi ni yóò dà.

Ṣe: Ẹ fi ẹmu ọ̀sán jẹ àbàchà, ẹ̀gẹ́ rírẹ́ tí epo àti ugba kún inú rẹ̀. Àwọn ará Galicia, létíkun Sípéènì, ní wáìnì funfun kan, Albariño, tó kan, tó sì ń ta bí afẹ́fẹ́ òkun. Òun ni wọ́n fi ń jẹ ẹja, bí àwa ṣe ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí. Iṣẹ́ tí ẹmu ọ̀sán ń ṣe fún epo àbàchà nìyẹn. Ní ti ẹmu àárọ̀, ọ̀kpà gbígbóná ti tó.

Má ṣe: Ẹ má dé kẹ́ẹ̀gì pinpin bí ẹ bá fẹ́ gbé e gba Milliken Hill sọ̀ kalẹ̀ wọ ìlú. Ó ṣì ń hó nínú ọkọ̀, yóò sì bú gbàmù ní kọ́nà kan ṣá. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ mu nínú rẹ̀.

Má ṣe: Ẹ má bá ọkọ ìyàwó du gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ igbá. Àwọn àgbà Ìgbò gbà pé ó wúlò fún ọkùnrin tó ń lọ bá ìyàwó rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ gbé e fún un.