Kó o tó kọ #include, bi compiler léèrè ná

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé kóòdù mi lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Sango-Ota. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ka bí ẹ̀rọ wọn ṣe gbóná tó. Lórí laptop mi, kò sí wàhálà. Lórí kọ̀ǹpútà wọn tó ti pẹ́, ohun tí mo rí ni:

fatal error: threads.h: No such file or directory

Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ dúró sẹ́yìn mi. Òógùn bò mí!

Lóòótọ́, threads.h wà nínú ìlànà èdè C láti 2011, àmọ́ kì í ṣe dandan. Kì í sì í ṣe GCC ló ń gbé e wá o. Inú glibc ló wà, ẹ̀dà 2.28 tó jáde ní 2018 ló sì kọ́kọ́ ní i. Torí náà, GCC tuntun nìkan ò lè gbà mí.

CMake lè bá ẹ wádìí ẹ̀:

include(CheckIncludeFile)
check_include_file(threads.h HAVE_THREADS_H)

Á kọ fáìlì kékeré kan tó ní #include yẹn nínú, á ní kí compiler gbìyànjú ẹ̀ wò. Tó bá gbà, HAVE_THREADS_H á di 1. Inú CMake nìkan nìyẹn ṣì wà o! Àfi kó o fi target_compile_definitions gbé e dé inú kóòdù, kí #ifdef tó lè rí i. Tí threads.h ò bá sí, lo pthread.h, bí èmi náà ṣe ṣe nìyẹn.

Èyí tó jẹ mí níyà jù ni pé CMake máa ń tọ́jú èsì yìí sínú CMakeCache.txt. Nígbà tí wọ́n fi Linux wọn sí ẹ̀dà tuntun, pthread náà ni kóòdù mi ṣì ń lò, títí mo fi pa fáìlì yẹn rẹ́.