Kòkòrò Rere inú Oúnjẹ Ẹja

Kò sí ìyá ẹlẹ́kọ kan tí kò mọ̀ pé ògì tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a sì sẹ́, kì í pẹ́ kí ó tó kan. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ni ń mú un kan. Lactobacillus ni àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kíkan náà ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tí ń ba oúnjẹ jẹ́ rí àyè. Irú àwọn wọ̀nyí, àti òmíràn tí à ń pè ní Bacillus, ni a ń pò mọ́ oúnjẹ ẹja àrọ̀ nísinsìnyí, kí wọn kí ó lè du àyè mọ́ kòkòrò àrùn lọ́wọ́ nínú ìfun ẹja, kí oúnjẹ rẹ̀ sì lè dà dáradára.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ń fi oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ ẹja lójoojúmọ́, àní nígbà tí àrùn kò tíì sí. Kòkòrò tí oògùn náà kò bá pa ni ń bí sí i, títí oògùn kì yóò fi ràn án mọ́, ìbá à ṣe lára ẹja tàbí lára ènìyàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òfin de fífi irú oògùn bẹ́ẹ̀ mú ẹran ọ̀sìn tóbi.

Ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ kí ó rántí pé ohun alààyè ni kòkòrò rere. Iná a máa pa Lactobacillus. Bacillus ní tirẹ̀ a máa fi èèpo líle bo ara rẹ̀, ó sì lè fara da ooru jù ú lọ. Ẹni tí ó bá da ìyẹ̀fun náà sínú oúnjẹ gbígbóná, tàbí tí ó sá a sí oòrùn ọ̀sán, òkú ni ó fi owó rẹ̀ rà. Kí oúnjẹ kí ó kọ́kọ́ tutù. Kí a fi omi kànga tí ó mọ́ pò ó ní ìwọ̀n tí a kọ sára àpò rẹ̀, nítorí oògùn inú omi ẹ̀rọ a máa pa á. Kí a wọ́n ọn sára oúnjẹ, kí a fi òróró díẹ̀ rà á, kí ẹja sì jẹ ẹ́ ní ọjọ́ náà. A kò gbọdọ̀ fún ẹja ní apakòkòrò pọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn mìíràn ń fi omi ògì ṣe é. Èrò wọn kò burú, ṣùgbọ́n ìkòkò òní kì í rí bákan náà pẹ̀lú ti ọ̀la.

Kòkòrò rere kò lè ṣe iṣẹ́ omi mímọ́. Bí omi bá ń rùn, tí ẹja sì kọ oúnjẹ, kí a dáwọ́ oúnjẹ dúró, kí a sì pààrọ̀ omi ná. Ẹni tí ó bá ní adágún méjì, kí ó kó iye ọmọ ẹja kan náà sínú wọn, kí ó fi kòkòrò rere sí oúnjẹ ọ̀kan, kí ó má fi sí ti èkejì, kí ó sì máa wọn ẹja méjèèjì lóṣooṣù.